Ẹni Tó Dúró Jẹ́ẹ́

Àpá tó wà ní àgbọ̀n Màámi ti lọ.

Afínjú ló kọ́kọ́ rí i, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, níbi tó ti ń fi ìpara ra ojú ìyá rẹ̀ lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìka rẹ̀ dé ibi tó ti máa ń kọsẹ̀ lára àpá náà, kò kọsẹ̀. Ó fi ìka lọ, ó tún fi bọ̀. Ibẹ̀ ń yọ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ó ní kí Màámi gbé ojú sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ìyá náà gbé e sókè. Kì í ṣe pé àpá náà ti ṣá. Ńṣe ni ibẹ̀ rí bí ibi tí ohunkóhun ò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹni tó ni ín.

Àpá yẹn sì kọ́ ni irú èyí tí ọmọ máa ń gbàgbé. Nígbà tí Afínjú wà ní ọmọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn tòun tiẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣubú, ọwọ́ ló máa fi gba ilẹ̀ mú. Màámi ò fi ọwọ́ gbalẹ̀, torí ọmọ ló wà lọ́wọ́. Àgbọ̀n ló fi gbà á. Látìgbà tí Afínjú ti gbọ́n, ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń fi pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn: kó wo àgbọ̀n òun dáadáa kó tó dá òun lóhùn.

"Màámi, àpá yín dà?"

"Àpá wo?"

"Ti àgbọ̀n. Èyí tẹ́ ẹ gbà lórí àtẹ̀gùn."

Màámi fọwọ́ pa àgbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé ń bá ṣeré. Ó ní òun ò lápàá rí láyé òun, pé nínú gbogbo ẹgbẹ́ òun, òun lara òun dán jù.

Afínjú lọ bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọkọ náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti wá tọrọ rẹ̀ lóun ti ń rí ojú Màámi, òun ò rí àpá níbẹ̀ rí. Ó ní kó lọ sùn díẹ̀, oorun ti pọ̀ lójú rẹ̀ jù. Obìnrin náà ò sùn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìyá rẹ̀ láti òkèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún fídíò ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fún un pọ̀ kó lè wọnú fóònù àwọn oníbàárà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Afínjú. Bí ìdọ̀tí ṣe máa ń kó àwọn ẹlòmíì nírìíra ni àwòrán tó ṣú, tí ojú inú ẹ̀ ò hàn kedere, máa ń kó o nírìíra. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Ó-Ti-Wúwo-Jù bí kò bá sí nítòsí, ti pàṣẹ ìwọ̀n kan tí fídíò kankan ò gbọ́dọ̀ kọjá. Fídíò ì báà jẹ́ ti ìyàwó tó ń wọlé tàbí ti ẹni tó ń tajà lórí afẹ́fẹ́, ó ti wúwo jù ni tiẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fún un pọ̀? Ẹ̀rọ tó ń ṣe é kì í tọ́jú gbogbo àwòrán inú fídíò. Á mú ọ̀kan, á tọ́jú ẹ̀ lódindi. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, ohun tó yí padà nínú ẹ̀ nìkan ló máa kọ sílẹ̀. Ògiri ò kúrò níbi tó wà, kò tún ògiri kọ. Ọwọ́ gbéra, á kọ pé ọwọ́ gbéra. Ìyẹn dáa bí nǹkan bá rọra ń lọ. Àmọ́ tí nǹkan bá ń sáré, ohun tó yí padà á pọ̀ ju àyè tí wọ́n fún ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ ò sì ní sọ pé agbára òun ò gbé e. Irọ́ ló máa pa. Á fi àwọ̀ ra ojú èèyàn, á sọ ìka márùn-ún di ìdì kan. Àyè yẹn dà bí omi inú korobá. Bó o bá bù ú síbí kó pọ̀, ó ní ibòmíì tó máa gbẹ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ibi tí kò ní dun ẹnikẹ́ni ló ti máa ń bù ú.

Afínjú wá bí ọmọkùnrin kan tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀fúùfù. Ọmọ náà ò tíì jókòó látọjọ́ tó ti mọ ìrìn. Ṣùgbọ́n kó tó mọ ìrìn, àìsàn àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ikọ́ kan wọ̀ ọ́ lára tí í já bí aṣọ tó ń fàya, Afínjú sì ń jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ń tẹ́tí sí mímí kan títí òmíràn á fi dé. Ọmọ náà yè é, ikọ́ náà ò lọ tán. Láti ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ ò ti gbé fóònù kúrò lójú mọ́. Ó ń ká a sílẹ̀ níbi tó ti ń jẹun, níbi tó ti ń wẹ̀, níbi tó ti ń sáré yí àga ìyá àgbà po. Kò sọ ìdí tó fi ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti bímọ tó ṣàìsàn rí, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun tó wá ń bí i nínú ni pé ọmọ tó ní fídíò rẹpẹtẹ ò ní ojú nínú ọ̀kankan. Ó ń sáré jù. Ògiri mọ́ kedere. Kọ́tìnnì mọ́, òdòdó ara ẹ̀ ṣeé kà. Ìyá àgbà tó jókòó mọ́ rekete. Ọmọ náà nìkan ló ń kọjá bí ọ̀dà tí wọ́n fọwọ́ pa.

Ìgbà tó yá, ní ọ̀sán Sátidé kan, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ó sì tún ètò ẹ̀rọ náà tò bó ṣe wù ú. Ó ní kó má kánjú. Ó ní kó máa wá ibi tí gbogbo ẹyọ nǹkan bá sá lọ, bó ti wù kó jìnnà tó, kó máa mú odindi àwòrán lemọ́lemọ́ tí ọmọ bá ti yí ẹ̀yìn padà, kó má sì ra ohunkóhun tó bá ń sáré. Ìwọ̀n ò gbọ́dọ̀ yẹ̀, torí kọ̀ǹpútà náà ti kún dẹ́nu, kódà ó ti ní kó máa pa ojúlówó fídíò rẹ́ fúnra rẹ̀ tó bá ti fún un pọ̀ tán. Ibo wá ni yóò ti bu àyè? Ó ní kó bù ú lára ohun tí kì í mira. Lára ògiri, lára kọ́tìnnì, lára àga.

Kò rántí pé ẹnì kan jókòó sórí àga náà.

Nígbà tí fídíò náà jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń sáré, síbẹ̀ irun orí rẹ̀ ṣeé kà. Ẹ̀kán òógùn kan ń tọ etí rẹ̀ bọ̀. Eyín wàrà tó ń mì lókè fara hàn níbi tó ti la ẹnu. Obìnrin náà wò ó títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ikọ́ náà dá. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà lé e, ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó ní kí ọmọ mí kanlẹ̀. Ó ní àyà ti mọ́. Afínjú dúpẹ́ lọ́wọ́ oògùn. Ó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo Sátidé: yóò ká ọmọ sílẹ̀ níbi tó ti ń sáré yí àga po, yóò fún un pọ̀ bó ṣe tò ó yẹn. Ọmọ náà ń dán sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ohùn rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún nílẹ̀ bí ẹni tó ń kànṣó. Àwọn aládùúgbò ń béèrè ohun tó ń fún un jẹ.

Nígbà kan náà, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣúgà sí, nínú ilé tó ti ń gbé látìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Orin tó máa ń fi imú kọ tó bá ń ṣa ẹ̀wà, kò kọ ọ́ mọ́. Ó dárúkọ àwọn àbúrò rẹ̀, ó fo ọ̀kan. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń sáré làwa èèyàn máa ń wò. Ẹni tó jókòó, a ti rò pé a mọ̀ ọ́n tán.

Lọ́jọ́ tí àpá di àwátì yìí, Afínjú ṣí àwọn fídíò náà, ó ń wò wọ́n láti èyí tó kọ́kọ́ ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò wo ọmọ. Àga ló wò. Nínú ti àkọ́kọ́, àpá wà níbẹ̀, ìlà funfun tín-ínrín kan. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Nígbà tó yá, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rá, ìpéǹpéjú di ẹyọ kan pẹ̀lú ojú. Nínú ti àná, ẹni tó jókòó sórí àga náà ní orí, ó ní ọrùn, ojú rẹ̀ sì dà bí ẹyin tí wọ́n ti bó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ń kọjá, ó mọ́ ju bí èèyàn ṣe ń fi ojú lásán rí i lọ.

Ó wò yíká, ó pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dá ètò náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ ṣú nínú fídíò bó ṣe máa ń ṣú. Lọ́jọ́ Ajé, Màámi fi imú kọ orin. Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀fúùfù wúkọ́ lórí oúnjẹ. Ikọ́ tó ń já bí aṣọ tó ń fàya náà ni. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, àyà ọmọ ti ń hó, ìyá rẹ̀ sì ti tún jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, nínú ilé lọ́tẹ̀ yìí, ó ń dúró de mímí.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe é láìmọ̀. Mi ò ní bá a ṣàwáwí. Ó gbé ọmọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó sáré díẹ̀ kí òun rí i. Ó pe Màámi kó wá jókòó sáyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé fóònù sókè. Nígbà tí ẹ̀rọ náà parí iṣẹ́, ọmọ ti ń gun àga, àyà rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Màámi wo ife tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ni wọ́n fi sí i tí kò fi ní ìtọ́wò.

Ìgbà tí Afínjú wá gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ.

"Mo ń mọ̀ ọ́n."

Afínjú wo ife náà.

"Tó o bá ti gbé nǹkan yẹn sókè, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi tábìlì tí wọ́n ń nù. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń nù kúrò. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n ń nù ún."

"Màámi, ọmọ náà ni. Ẹ gbọ́ àyà rẹ̀ fúnra yín."

"Mo gbọ́ ọ. Etí ṣì kù fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò. "Ká ní o tọrọ ẹ̀ ni, ǹ bá fún ẹ. Gbogbo ẹ̀ ni ǹ bá gbé fún ẹ, mi ò ní ṣírò ẹ̀. Ìwọ ló wá jí ohun tí wọn ò fi dù ẹ́."

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yí ojú sí fèrèsé. Afínjú wọ ilé ìdáná, ó jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa ya, ó fi sunkún níbẹ̀.

Ìbínú ìyá ló jẹ́ kó ronú. Ó fi odindi ọ̀sẹ̀ rò ó níbi iṣẹ́, Ó-Ti-Wúwo-Jù sì ń bú u pé fídíò tó ń ṣe ń jáde bí ọbẹ̀ tó jó, àbí ta ló fún un lóyún míì. Ẹ̀rọ náà ò mọ ọmọ, kò mọ ìyá. Ohun tó mọ̀ ò ju pé ẹni tó bá ń rìn, kí wọ́n fún un. Ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Màámi náà máa rìn. Kí ọmọ máa sáré, kí ìyá àgbà máa rìn, kí ẹlòmíì jókòó sórí àga.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Màámi, ìyá náà ní orúnkún wo lòun fẹ́ fi rìn, ṣé èyí tó ń han bí ilẹ̀kùn yìí? Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó máa jókòó.

"Èmi ni."

Màámi fọwọ́ pa orúnkún. "Wàá wá mọ bó ṣe ń rí," ló wí.

Ní Sátidé, ọkọ jáde lọ síbi iṣẹ́. Afínjú gbé fóònù sórí ìdúró kan níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Kò sí nínú fídíò kankan rí. Òun ló ń di fóònù mú nígbà gbogbo. Ojú tì í díẹ̀ bí àlejò. Màámi fọwọ́ gbá ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, eegun ń dún, ó ń ṣépè fún orúnkún lábẹ́ ohùn. Afínjú pe ọmọ rẹ̀ kó máa sáré bọ̀.

Ẹ̀fúùfù sáré jáde látinú yàrá. Ó sáré dé àárín pálọ̀, ó gbójú sókè láti wá fóònù tó máa ń rí, ó wá rí ìyá rẹ̀.

Ó dúró.

Ó wò ó. Kò sí ohun dúdú kan níwájú ojú ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ gan-an ló ń wò, méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. Ẹnu ọmọ náà là díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nǹkan tí wọ́n ti ń sọ fún un tipẹ́. Ìdùnnú kan wá ń tàn lójú rẹ̀ jẹ́jẹ́, láìsí ariwo, Afínjú sì rí i pé òun ni ọmọ náà ń yọ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ yọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín padà, kò sún, kò mira. Wọ́n wo ara wọn báyìí títí, Màámi ń wọ́ ẹsẹ̀ yí wọn po, fóònù ń ká gbogbo rẹ̀. Nínú adùn yẹn, Afínjú gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀.

Kò rántí rẹ̀ nígbà tó gbé fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ó lọ ká aṣọ tó ti gbẹ. Láti pálọ̀ ni Màámi ti pè é, ohùn rẹ̀ ta kán-ún-kán-ún bíi ti tẹ́lẹ̀, ó dárúkọ àbúrò rẹ̀ tó fò níjọ́sí, ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà lórí fóònù, ó pẹ́ tóun ti gbúròó rẹ̀. Ó tún ní tíì ti ń dùn. Afínjú gbá aṣọ mọ́ àyà, ó dúpẹ́. Ìgbà yẹn ló tó kíyè sí i pé kò gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń dún nílẹ̀.

Ó padà síbi kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ti parí, ojúlówó ti lọ. Ó tẹ fídíò náà.

Màámi ń rìn, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ ṣeé kà. Ẹni tó wà lórí àga náà mọ́ kedere: àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń lọ ara wọn. Obìnrin aláìfarabalẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àárín pálọ̀, ọmọdé kan dúró. Ṣòkòtò rẹ̀ ṣì jọ ṣòkòtò. Ibi tó ti ń wo ìyá rẹ̀, ojú, ẹ̀rín, àti ohun tó ń tàn nínú wọn, ti rá pátápátá.

Afínjú pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó tún un pè.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ẹ̀fúùfù jáde, ó ń rìn, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Ara rẹ̀ yá, kò wúkọ́. Ojú rẹ̀ wà lójú rẹ̀ bó ṣe wà, imú, ẹnu, eyín wàrà. Ó dé iwájú obìnrin náà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹrí ba dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kó máa ṣe fún ẹni tí kò bá mọ̀ rí.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí. "Mọ́mì mi ò sí nílé."

Ó wò ó díẹ̀ sí i, bóyá ó máa lọ. Nígbà tí kò lọ, ó fa àga kan jáde fún un.

"Ẹ jókòó. Wọ́n máa tó dé."

Afínjú jókòó.